Imú Ọkọ̀ Tó Bèèrè Omi

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, etí Ìbídùn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu sọ ọ́.

Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ní èbúté Ìtẹ̀dó Àánú, ó ń ká aṣọ ọkọ rẹ̀ sínú àpò. Ọkọ̀ ìwòsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkọ náà lọ sí òkè ilẹ̀, òun àti nọ́ọ̀sì kan, nítorí pé kò rí èémí mí dáadáa mọ́. Kò sí ààyè fún ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni Ìbídùn yóò wọ̀ tẹ̀lé e. Ó ń ká aṣọ, ó sì ń fetí sin ọkọ̀ náà lọ lórí ọ̀sà. Gbogbo ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìlú orí omi yẹn, òun ló ń tọ́jú wọn, ó sì mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí abiyamọ ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà ń lọ geere. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó di kíkùn, bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà, kò sí ohùn kankan mọ́.

Bùbá aláwọ̀ ewé kan wà lọ́wọ́ Ìbídùn. Kò ká a, kò sì gbé e sílẹ̀. Ó mọ ohun tí ìdákẹ́ yẹn jẹ́. Imú, ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín lẹ́nu sálẹ́ńsà, ti ti ọkọ̀ náà pa.

Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oòrùn kò yọ. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ń fi oòrùn rìn wà ní síso mọ́ òpó, wọ́n ń mì lórí omi bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yòókù ti lọ síbi àwọ̀n. Ìbídùn bọ́ sínú ọkọ̀ àjẹ̀ kan, ó sì tu ú títí apá rẹ̀ fi kú.

Àárín ọ̀sà ló ti pàdé wọn. Bánjókòó, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ìwòsàn, ti yọ pákó ìjókòó, òun àti nọ́ọ̀sì sì ń fi tu ọkọ̀ ńlá náà padà bọ̀ wálé. Bánjókòó kò wo ojú rẹ̀.

"Màmá Tíṣà," ó ní, "ẹ gbé àjẹ̀ yín sílẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ yára mọ́."

Nọ́ọ̀sì ti fi aṣọ funfun bo ẹni tó wà lórí ibùsùn láti orí dé ẹsẹ̀. Ìbídùn ń wo aṣọ náà. Ẹkún kò tíì dé ojú rẹ̀ nígbà tí Imú ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, lára sálẹ́ńsà. Ohùn ọkùnrin ni, ó tutù, ó fara balẹ̀, ohùn ẹni tó ti kọ́ ọmọ púpọ̀ ní ìwé kíkà.

"Mo gbóòórùn èéfín pupa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lómi."

Ohùn Mákànjúọlá, ọkọ rẹ̀, ni. Mákànjúọlá náà ló wà lábẹ́ aṣọ.

* * *

Wọ́n sin ín sí òkè ilẹ̀, níbi tí iyanrìn ti le. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ dé, ìjọ pàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n gé Imú kúrò lára gbogbo ọkọ̀ tó wà ní Ìtẹ̀dó Àánú. Ìpàdé náà kò pẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ló kù, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lọ́rùn Ìbídùn lórí okùn dúdú. Òfin Èémí sọ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Bí ẹlòmíràn bá fi ipá tú Imú, ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí rẹ̀ kò ní jí mọ́ láéláé.

Wúràọlá, ẹ̀gbọ́n Mákànjúọlá, ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin gíga ni, gèlè ọ̀fọ̀ rẹ̀ funfun, ó di ẹja sísun kan sínú ewé lọ́wọ́. Kò jókòó.

"Ìyàwó, mo gbọ́ pé o kò tíì gé ẹyọ kan."

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ tú u wò, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣe é."

"Ohun tó ṣe é? Imú gbóòórùn, Imú ti ọkọ̀ pa, àbúrò mi kú. Èwo ló tún kù tí o fẹ́ tú wò?"

"Imú kì í dédé gbóòórùn. Omi tó yẹ kó pa èéfín náà ni kò dé ibẹ̀."

"Kò dé ibẹ̀, ọkọ̀ ò lè máa lọ? Ènìyàn ń kú lọ nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ ń rojọ́ òórùn!" Wúràọlá gbé ẹja náà kalẹ̀ lórí tábìlì, láàrin àwọn sípánà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àná, mo lọ sí etí omi. Ọkọ̀ mẹ́ta kọjá. Gbogbo wọn ló fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. 'Èémí mi dára. Ẹ ṣeun.' Ìyàwó, mo dá a lóhùn. Mo ní, 'Mákànjú, ṣé o ti jẹun?' Àwọn ẹlẹ́ja ń wò mí."

Nígbà tí àwọn Imú kọ́kọ́ dé sí ìlú náà, ohùn àjèjì ló wà nínú wọn, àwọn awakọ̀ a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ta ni ìyá yìí tó ń pàṣẹ fún àwọn. Ìlú wá ní kí Tíṣà Mákànjúọlá sọ̀rọ̀ sínú wọn, torí pé kò sí awakọ̀ kan tí kò jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, bí Imú bá ti bèèrè omi, wọ́n á fún un, wọ́n á tún ní, "Ẹ má bínú, sà."

"Ṣé bí n ó ṣe máa gbọ́ ọ títí n ó fi kú nìyẹn?" Wúràọlá bèèrè. "Lẹ́nu ohun tó pa á?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí Ìtùnú."

Ìtùnú ni àbúrò Wúràọlá àti Mákànjúọlá tó kéré jù. Ó kú ní ọdún èéfín pupa, kí Imú tó dé, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ ń tú èéfín sábẹ́ ilé. Láàrin àwọn òpó ni èéfín náà máa ń dúró sí, tí atẹ́gùn kò bá fẹ́, yóò pọ́n rúsúrúsú bí irin tó dóògún, àwọn ọmọ á sì máa wú ikọ́ láti ilé dé ilé. Mákànjúọlá la ọdún náà já, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Àyà yẹn ló gbé e dé inú ọkọ̀ ìwòsàn.

"Ẹ̀yìn mi ni Ìtùnú wà nígbà tó kú," Wúràọlá sọ. "Mo ṣì ń jó o lẹ́yìn, mi ò mọ̀ pé ó ti lọ. Ìwọ lo fẹ́ máa rán mi létí?" Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, kò sì nílò àtúnṣe. "Kò sí Imú, Ìtùnú kú. Imú dé, Mákànjú kú. Ó kéré tán, kí n má gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ọ̀la ni gbogbo ìlú ń bọ̀ ní èbúté. Kí kọ́kọ́rọ́ yẹn ti kúrò lọ́rùn rẹ."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo jẹ díẹ̀, mà."

"Irọ́ ni. Jẹ ẹja yẹn."

* * *

Nígbà tó lọ tán, Ìbídùn mú sípánà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú sálẹ́ńsà ọkọ̀ ìwòsàn.

Mákànjúọlá kò mọ sípánà lò, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń sọ iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ fún ọmọdé. Lọ́dọọdún ló máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Epo àgbọn ni ẹ́ńjìnnì wa ń mu," á ní, "epo àgbọn sì mọ́. Kí ló wá dé tí èéfín rẹ̀ fi ń pọ́n? Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Naitirójìn ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Jẹ́jẹ́ ló ń gbé, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná ẹ́ńjìnnì bá gbóná kọjá ààlà, tipátipá ni yóò so ó mọ́ ọ́síjìn, àwọn méjèèjì á sì di májèlé. Ta ló lè sọ ohun tí a fi ń tú wọn ká?" Gbogbo ọmọ á pariwo ìdáhùn náà pẹ̀lú ẹ̀rín, torí ohun tí wọ́n tọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì láàárọ̀ ni. "Ó dára," á ní. "Ẹ wá mu omi, kí ẹ lè rí nǹkan tọ̀ lọ́la." Á bu omi nínú àmù ilé ìwé pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tánganran búlúù rẹ̀, tí etí rẹ̀ ti ṣá, wọ́n á máa gbà á mu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹ̀kọ́ kan tó ń bẹ̀rẹ̀ láìṣe pé kọ́ọ̀bù yẹn yí kíláàsì ká.

Ìbídùn yọ nọ́súlù. Ẹnu kékeré ni, ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Òun ló ń fọ́n omi asẹ́, ìtọ̀ tí wọ́n ti sẹ́, wẹ́wẹ́ bí ìrì sínú èéfín gbígbóná, tí májèlé náà á fi padà di afẹ́fẹ́ lásán àti ooru omi. Ihò náà ti dí. Nǹkan funfun kan gan mọ́ ọn lẹ́nu bí iyọ̀ ṣe ń gan mọ́ etí ìkòkò.

Ó fi ọ̀bẹ ha á sínú àtẹ́lẹwọ́. Yúríà tó dára, ohun inú ìtọ̀ tó ń tú májèlé ká, máa ń yọ́ nínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, bí ṣúgà. Ó da omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lé e. Díẹ̀ yọ́. Èyí tó kù, tí ooru ti sun le bí òkúta, jókòó, ó rí gbákugbàku lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó fi kan ahọ́n.

Iyọ̀ ni. Iyọ̀ ara ènìyàn.

Ó ti rí ohun tó fẹ́ rí, ó sì wù ú pé kó má rí i. Nítorí ó rántí àwọ̀ àwọn kẹ́ẹ̀gì ìtọ̀ tó wà lẹ́nu ilé ní àwọn ọjọ́ ààwẹ̀ tí ìlú gbà nítorí àìsàn ọkọ rẹ̀. Wọ́n dúdú bí omi tíì.

* * *

Ní Ìtẹ̀dó Àánú, ẹni tó bá jẹ́ olórí àdúrà, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Asẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ìlú ṣe fi lélẹ̀ nígbà tí asẹ́ dé pẹ̀lú Imú: ọwọ́ tó bá ń bùkún ìlú ni yóò máa sẹ́ ìtọ̀ ìlú, kí ó má baà gbàgbé ara rẹ̀. Láàárọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan á gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wá. Alàgbà á dà á sínú asẹ́, asẹ́ á yọ iyọ̀ àti ìdọ̀tí kúrò, omi tó bá jáde ní ìsàlẹ̀ á lọ sínú ọkọ̀.

Alàgbà Ọbáyọmí ń fọ kẹ́ẹ̀gì nígbà tí Ìbídùn dé. Ó ti ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè dé ìgúnpá.

"Ìwọ ni, ọmọ mi? Mo rò pé Sàmú ni. Ọmọ yẹn tún fi omi ọ̀sà kún kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó rò pé arúgbó ò nímú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rí ojú rẹ̀. "Kẹ́ẹ̀gì ilé opó kì í jáde títí opó yóò fi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. O kò ní láti wá."

"Mi ò gbé kẹ́ẹ̀gì wá, Bàbá."

Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Alàgbà nu ọwọ́, ó mú ègé kan nínú iyọ̀ náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Níbo lo ti rí i?"

"Ẹnu nọ́súlù ọkọ̀ ìwòsàn. Bàbá, ojú asẹ́ ńkọ́? Láwọn ọjọ́ ààwẹ̀, ṣé kò pọ́n?"

Gíláàsì róbótó kan wà lára asẹ́, ojú asẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bí ohun tí wọ́n dà sí i bá ki jù, á pọ́n. Ọmọdé pàápàá mọ ohun tó kàn: kí wọ́n fi omi dídùn là á.

"Ó pọ́n," Alàgbà wí.

"Ẹ kò fi omi là á?"

"Omi wo, ọmọ mi? Agogo kò tíì lù."

Ìbídùn mọ̀. Gbogbo ìlú mọ̀. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n gbà fún Tíṣà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Bí wọ́n bá ti wọ irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi aṣọ funfun bo gbogbo ìkòkò omi mímu àti korobá omi òjò, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kàn án títí agogo ìtúnu yóò fi lù. Wọn kì í fi bọ́jú, wọn kì í fi gbin ewébẹ̀. Kò sí ẹni tó ronú kan asẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin náà, torí pé kò sí asẹ́ nígbà yẹn.

"Mo dúró níwájú rẹ̀," Alàgbà wí. "Mo ń wo ojú pupa yẹn, aṣọ funfun wà lórí ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní ti ọjọ́ díẹ̀ kò lè ṣe nǹkan. Mo ní ẹni tí à ń gbààwẹ̀ sí yóò bá wa mójú tó o." Ó dá iyọ̀ náà padà sí àtẹ́lẹwọ́ Ìbídùn, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí, bí ẹni pé owó ló fún un. "Má sọ ọ́."

"Bàbá."

"Gbọ́ mi. Àwọn ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú gbààwẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kọ̀ láti mu omi, a bẹ̀ wọ́n títí. Ìlú yìí lè gbà pé ẹ̀rọ ló pa tíṣà àwọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ pé òùngbẹ tí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ fún un ló dí ọ̀nà mọ́ ọn? Ta ni yóò tún gbàdúrà fún ẹnìkejì rẹ̀ níbí?"

"Bí a bá gé Imú ńkọ́, sà? Èéfín á padà."

"A óò máa tọ́jú ẹ́ńjìnnì wa dáadáa."

"Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Bó ti wù kí epo mọ́ tó, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni iná ń sun."

Alàgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ kẹ́ẹ̀gì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Mo ti darúgbó, Ìbídùn," ó wí. "Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ. Bí o bá sọ ọ́, n kò ní pè ọ́ ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́."

Ó ń rìn lọ sílé lórí afárá pákó, iyọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ń kí i láti ẹnu ọ̀nà wọn. "Ẹ kú ìrọ́jú o, Màmá Tíṣà." "Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó ń dáhùn. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wo ẹnu wọn. Ètè àwọn kan ṣì bó láti ìgbà ààwẹ̀.

Ètè tirẹ̀ náà bó. Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀ yẹn, Mákànjúọlá fi ìka kan ètè rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó ní, "Ìbídùn, ẹnu rẹ ti gbẹ. Lọ mu omi." Ó dáhùn pé agogo kò tíì lù. Mákànjúọlá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà pẹ́ kó tó lọ. "Èmi lẹ ń gbààwẹ̀ fún," ó ní. "Èmi ni mo sì ní kí o mu omi. Ta lo wá ń gbọ́ tirẹ̀?" Ó bá a rẹ́rìn-ín. Kò mu ún. Ní òwúrọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé kẹ́ẹ̀gì ilé wọn lọ sí Ilé Asẹ́.

* * *

Gbogbo ìlú wá sí èbúté. Wọ́n dúró lórí pákó, wọ́n dúró nínú ọkọ̀, àwọn ọmọdé jókòó sórí àwọn òpó. Òjò ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́, kò sì sí ẹni tó fi nǹkan bo orí. Wọ́n ti to àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sí ẹsẹ̀ kan, kí iṣẹ́ lè yá. Ọkọ̀ ìwòsàn ló wà níwájú. Bánjókòó dúró nínú rẹ̀, ó di okùn rẹ̀ mú bí ẹni di okùn ẹran.

Alàgbà Ọbáyọmí gbàdúrà kúkúrú. Ó sì jókòó.

"Ìyàwó," Wúràọlá wí. "Ó tó àkókò."

Ìbídùn bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Ó wò ó pé nǹkan tó rọrùn ni: kó bọ̀ ọ́, kó yí i, kí gbogbo ènìyàn lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Yóò dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dákẹ́ lórí ohun tó ju èyí lọ. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn ọmọ kíláàsì ọkọ rẹ̀ lórí òpó, wọ́n ń mí, ìmí wọn kò sì ní ikọ́ nínú.

"Mo tú ọkọ̀ ìwòsàn," ó wí. "Imú rẹ̀ kò bàjẹ́. Nǹkan ló dí nọ́súlù."

"Kí ló dí i?" Bánjókòó ló bèèrè. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bèèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ìbídùn tú etí aṣọ rẹ̀. Ó na iyọ̀ náà jáde sí wọn.

"Iyọ̀ ara wa ni. Ní ọjọ́ ààwẹ̀, a kò mu omi. Ohun tó jáde lára wa ki ju agbára asẹ́ lọ."

Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ lóye. Lẹ́yìn náà, ó rí i bí ó ṣe ń dé ojú wọn, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, bí òkùnkùn ìkùukùu ṣe ń rìn kọjá lórí omi. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ò ń sọ?" Wúràọlá wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà lórí eékún mi. Ṣé èmi lo fẹ́ sọ pé mo pa á?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni, tí kì í bá ṣe èmi? Alàgbà! Ẹ dá a lóhùn. Ṣé òótọ́ ni?"

Alàgbà dìde. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, òjò sì ń rọ̀ sórí irun funfun rẹ̀.

"Ojú asẹ́ pọ́n," ó wí. "Mo rí i. Mo ń dúró de agogo."

Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

"Kì í ṣe pé a pa á," Ìbídùn wí. Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn, jẹ́jẹ́, kó má baà gún ẹnikẹ́ni. "A fẹ́ràn rẹ̀ débi tí a fi gbàgbé ohun tó kọ́ wa. Ó ní kí n mu omi, Ẹ̀gbọ́n. Lórí ibùsùn, ó fọwọ́ kan ètè mi, ó ní kí n mu omi. Mi ò mu ún. Ti èmi náà wà nínú rẹ̀." Ó pa ọwọ́ dé lórí iyọ̀ náà. "Bí a bá gé Imú, nígbà tí atẹ́gùn bá dákẹ́, èéfín pupa á tún padà sábẹ́ ilé wa. Àyà bíi tirẹ̀ la ó tún fún àwọn ọmọ yìí. Kọ́kọ́rọ́ nìyí. Ẹ̀yin lẹ lọ́mọ. Bí ẹ bá ní kí n gé e, n ó gé e."

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí pákó níwájú ẹsẹ̀ Wúràọlá.

Omi ń lu òpó. Wúràọlá kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó ń wo ọkọ̀ ìwòsàn, ó wò ó pẹ́, bí ẹni ń wo ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ tó sì tún jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀.

"O ti tún un ṣe?" ó bèèrè.

"Mo ti tún un ṣe, mà. Omi tó dára ló wà nínú rẹ̀."

"Bánjókòó. Tan án."

Bánjókòó wo Ìbídùn, Ìbídùn mi orí sí i, Bánjókòó sì tan án. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere. Ohun tó ń jáde lẹ́nu sálẹ́ńsà kò ní àwọ̀, àfi bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mì lókè rẹ̀. Gbogbo wọn dúró dè é. Wọ́n mọ ohun tó ń bọ̀.

"Èémí mi dára," ni Mákànjúọlá wí. "Ẹ ṣeun."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ orí òpó dáhùn láìmọ̀, bí wọ́n ti máa ń dáhùn ní kíláàsì. "A dúpẹ́, sà."

Wúràọlá tú gèlè rẹ̀, ó fi bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí Ìbídùn súnmọ́ ọn, ó na ọwọ́ kan mú un, kò yọ ojú jáde.

"Fi í sílẹ̀," ó wí nínú aṣọ. "Jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀."

* * *

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn kẹ́ẹ̀gì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé, Ìbídùn àti Bánjókòó gbé àmù ilé ìwé wá sí ẹnu ọ̀nà Ilé Asẹ́. Ó wúwo, wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀kan lórí afárá. Alàgbà Ọbáyọmí rí wọn. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó sún àpótí tó ń jókòó lé sí ẹ̀gbẹ́ kí àmù lè ráyè, ó wọlé, ó sì gbé korobá omi òjò jáde, ó rọra ń dà á sínú àmù náà títí ó fi kún.

Ìbídùn mú kọ́ọ̀bù tánganran búlúù jáde lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ nílé. Ó gbé e lé orí ọmọrí.

Wúràọlá ló kọ́kọ́ dé. Ó sọ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kalẹ̀, ó wo àmù, ó wo kọ́ọ̀bù náà. Ó fi ìka tọ ibi tó ti ṣá ní etí rẹ̀.

"Èmi ni mo jẹ́ kó bọ́," ó wí. "Nígbà tí a wà ní kékeré. Mákànjú ni ìyá wa nà."

Ó bu omi, ó mu ún tán. Ó tún bù ú, ó sì nà án sí ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Ó kàn ọ́."

Láti ọjọ́ ìsìnkú, omi kì í kọjá lọ́fun Ìbídùn ju kó fi tọ́ ẹnu wò lọ. Ó gba kọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Lórí ọ̀sà, ọkọ̀ kan ń lọ síbi àwọ̀n, ó ń sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Ó mu omi náà tán. Ó fi etí aṣọ nu kọ́ọ̀bù, ó sì da ojú rẹ̀ dé lórí ọmọrí àmù, bí Mákànjúọlá ti máa ń ṣe.